Òǹtẹ̀ Rọ́bà Kò Lè Ṣọ́ Ímeèlì

Ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ kan ní ìpàdé kan ní Àràmọ̀kọ-Èkìtì lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ká mi lára. Lẹ́tà èké la ń jíròrò lé lórí, irú èyí tí àwọn oníjìbìtì ń fi orúkọ ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́ kọ sí àwọn òbí pé kí wọ́n wá sanwó ìgbaniwọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní kí gbogbo ọ́fíìsì gba sátífíkéètì ímeèlì, kí ẹni tó gba lẹ́tà lè mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ọ̀gá wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kí ni ará Ìjerò fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ohun àwọn báńkì Èkó ni. Àwa ní òǹtẹ̀ wa, ó ti tó wa.” Àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi ò pàtẹ́wọ́. Ọ́fíìsì yòówù tó bá ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ará ìlú lórúkọ ìjọba, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí ààfin, tí kò fi sátífíkéètì buwọ́ lù ú, olè ló ń ràn lọ́wọ́. Ìbáà jẹ́ Ìjerò, ìbáà jẹ́ Àràmọ̀kọ, ìbáà jẹ́ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹjọ́ kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká yẹ òǹtẹ̀ tí ọ̀gá fi ń yangàn wò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òǹtẹ̀, kó lọ bá àwọn tó ń gé e lẹ́bàá títì ní Adó-Èkìtì. Orúkọ tó bá fún wọn ni wọ́n máa gé, wọn kì í béèrè ẹni tó jẹ́. Bí lẹ́tà bá sì ti di ti orí ímeèlì, òǹtẹ̀ ọ̀hún kò tún jẹ́ òǹtẹ̀ mọ́. Àwòrán ni. Ọmọ tó wà ní SS2 lè fi fóònù gé e kúrò lára ìwé kan kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, kó gé ìbuwọ́lùwé ọ̀gá náà mọ́ ọn. Àwòrán kì í jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà èké tó kó gbogbo wa jọ sí ìpàdé yẹn, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀ gbàgàdà. Ohun tí olè fi jà wá lólè ni ọ̀gá tún gbé sókè pé yóò gbà wá lọ́wọ́ olè, tí àgbàlagbà sì ń pàtẹ́wọ́!

Ó tún ní WhatsApp ti tó. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láàrin ẹni méjì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù nìkan ló ń fi hàn. Ta ló ni nọ́ńbà yẹn? Bí akọ̀wé bá fẹ̀yìn tì, tó mú símù rẹ̀ lọ sílé, ṣé símù yẹn ló kù tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀? Ọ̀gá kò dáhùn. Ó kàn tún ní ọmọ Yahoo nìkan ló ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ṣé ọmọ Yahoo ni dókítà tó ń kọ èsì àyẹ̀wò aláìsàn ránṣẹ́? Ṣé ọmọ Yahoo ni lọ́yà tó ń kọ̀wé nípa ilẹ̀ ìdílé? Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ronú rárá.

Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń wí kò le. Kọ̀ǹpútà yín yóò ṣe kọ́kọ́rọ́ méjì tó bára mu. Ọ̀kan jẹ́ tiyín nìkan, èkejì jẹ́ ti gbogbo ayé. Ilé iṣẹ́ bíi DigiCert, Sectigo tàbí GlobalSign yóò kọ̀wé sí àdírẹ́sì ímeèlì náà láti rí i pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Bí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ ọ́fíìsì wà nínú rẹ̀, wọn yóò béèrè ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò so kọ́kọ́rọ́ ti gbogbo ayé mọ́ yín nínú sátífíkéètì. Àwọn ètò ímeèlì bíi Outlook, Thunderbird àti Apple Mail ń gbà á. Bí ẹ bá ti buwọ́ lu lẹ́tà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ ₦50,000 inú rẹ̀ di ₦500,000 lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ ẹni tó gbà á yóò kìlọ̀ fún un. Lẹ́tà tí ẹ buwọ́ lù náà ló ń gbé sátífíkéètì yín dé ọwọ́ rẹ̀, òun náà yóò sì lè ti èsì pa kó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa rí i kà. Àkọlé lẹ́tà kì í wọ inú títì yìí o, ẹ má kọ àṣírí síbẹ̀. Ẹni tí kò lówó sátífíkéètì, OpenPGP, ọ̀nà mìíràn tó ń lo kọ́kọ́rọ́ méjì, ti wà nínú Thunderbird lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2020.

Ohun àwọn báńkì Èkó, àbí? Ọdún 1976 ni Diffie àti Hellman gbé ọgbọ́n kọ́kọ́rọ́ méjì yìí jáde ní Amẹ́ríkà, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ pẹ̀lú Èkìtì nínú rẹ̀. Ogún ọdún ló fi ju Ìpínlẹ̀ Èkìtì lọ! Ní ọdún 2020, ìjọba Èkìtì já owó tí ilé iṣẹ́ ń san kí wọ́n tó ri okùn íńtánẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wálẹ̀ sí ₦145 lórí kìlómítà kan. Ta ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, ará Èkó?

Àwọn baba wa kò gba iṣẹ́ lásán rí. Bí ọba bá rán ìránṣẹ́, ọ̀pá ọba ló máa mú dání, ọ̀pá yẹn ni ará ìlú kejì yóò fi mọ̀ pé kì í ṣe ara rẹ̀ ló rán. Nígbà tí wọ́n ń wá òpin ogun Kírìjì, ogun tí Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí wà níwájú rẹ̀, wọn kò ju ìwé sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àlùfáà Charles Phillips àti Samuel Johnson ni wọ́n rán, orúkọ Ajerò ti Ìjerò sì wà nínú ìwé àdéhùn ọdún 1886 yẹn. Àwa ọmọ wọn wá ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀.

Ó ku ti ibi tí ẹ ti máa ṣe kọ́kọ́rọ́ náà. Mo ní ìbínú kan sí àwọn oníkáfé íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì pẹ́. Ọmọ lọ ṣe JAMB, oníkáfé ló bá a ṣí ímeèlì, oníkáfé ló yan páàsìwọ́ọ̀dù, oníkáfé ló sì tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ìgbaniwọlé dé, ọmọ kò lè wọ ímeèlì ara rẹ̀ àfi kó tún sanwó. Mo mọ ìdílé tí èyí ba ọdún kan jẹ́ fún. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí oníkáfé kankan bá yín ṣe kọ́kọ́rọ́. Orí ẹ̀rọ ọ́fíìsì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú páàsìwọ́ọ̀dù, torí bí ó bá sọnù, àwọn lẹ́tà tí wọ́n tì pa ránṣẹ́ sí yín kò ní ṣí mọ́.

Ẹni tó rò pé páàsìwọ́ọ̀dù nìkan ti tó, kó rántí Obinwanne Okeke, tí wọ́n ń pè ní Invictus. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é jí ọ̀nà wọ ímeèlì ọ̀gá owó ilé iṣẹ́ Unatrac ní ọdún 2018, wọ́n sì kọ̀wé lórúkọ rẹ̀ pé kí wọ́n sanwó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 11 dọ́là tó lọ. Ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán Okeke lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Olè tó ní páàsìwọ́ọ̀dù ímeèlì, tí kò ní kọ́kọ́rọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ ọ̀gá, kò lè buwọ́ lùwé fún un.

Òfin Nàìjíríà kò sì dí wa lọ́wọ́. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ti ọdún 2015 gba ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ, àyàfi fún ìwé bíi ìwé ìpíngún, ìwé ìbí àti ìwé ikú. Àtúnṣe Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2023 tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní ilé ẹjọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò, Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì àti Ẹ̀fọ̀n, ẹ gba sátífíkéètì fún ọ́fíìsì yín, kẹ́ ẹ kéde fún ará ìlú pé ímeèlì tí kò bá ní in kì í ṣe tiyín. Ẹ̀yin òbí, bí ímeèlì bá ní kẹ́ ẹ sanwó, tó jẹ́ àwòrán òǹtẹ̀ nìkan ló wà lórí rẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀.