À Ń Wọn Kòkó, A Kì Í Wọn Ọmọ

Ní àkókò ìkórè, kò sí àgbẹ̀ kan ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Ọ̀nà-Àrà tí yóò gbà kí ẹni tí ó ń ra kòkó fi ojú lásán díwọ̀n àpò rẹ̀. Yóò ní kí a gbé e lé òṣùwọ̀n, yóò sì dúró tì í títí a ó fi ka iye kílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà bá mú ọmọ àgbẹ̀ yìí kan náà ní òru, tí ìyá rẹ̀ sì gbé e sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn ní òwúrọ̀, ojú lásán ni a sábà fi ń wo ọmọ náà kí a tó ka hóró oògùn fún un. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Láti ọdún 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi oògùn ibà alápapọ̀ rọ́pò chloroquine. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn ni artemether-lumefantrine, ìwọ̀n ara ni a sì fi pín in. Nínú hóró kékeré rẹ̀, ọmọ tí ó wọ̀n kílò 5 sókè tí kò tó 15 yóò lo 1 lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó tó 15 tí kò tó 25 yóò lo 2, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 3. Hóró ńlá alágbára tí a ṣe fún àgbàlagbà kò sí nínú ìṣirò yìí rárá.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí ìwọ̀n fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi ara ènìyàn wé àmù tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ ní ìdí. Bí a ti ń da omi sí i ni ó ń jò díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ṣe ń lé oògùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí oògùn bá pọ̀ jù, a di májèlé. Bí ó bá kéré jù, a gbẹ kí iṣẹ́ tó parí, àwọn kòkòrò ibà tí ó ṣẹ́kù a sì tún gbérí. Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni àmù kò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àgbàlagbà kékeré ni ọmọ ọdún 2. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi kílò kọ̀ọ̀kan ṣírò, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa yára lé ọ̀pọ̀ oògùn kúrò ní ara ju bàbá rẹ̀ lọ. Ọmọ jòjòló ẹ̀wẹ̀ a máa lọ́ra, nítorí pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì gbó.

Ìmọ̀ ìṣirò kan wà tí àwọn onímọ̀ fi ń tú àṣírí yìí. Wọn a gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ọ̀pọ̀ aláìsàn ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn a wọn oògùn tí ó wà nínú rẹ̀, wọn a sì kọ ìwọ̀n ara àti ọjọ́ orí olúkúlùkù sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn a fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí oògùn náà ṣe ń wọlé, bí ó ṣe ń tàn ká, àti bí ó ṣe ń jáde. Nípa bẹ́ẹ̀, wọ́n lè sọ ṣáájú iye tí yóò tó ọmọ tí ó wọ̀n kílò 9.

Èso iṣẹ́ yìí kì í ṣe àlá. Ní Burkina Faso, tí ó jẹ́ ará ilé wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a ṣírò bí oògùn ibà piperaquine ṣe ń rìn nínú ara àwọn ọmọdé, a sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2012: àwọn tí ó kéré jùlọ ni kò rí oògùn tó. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kún ìwọ̀n náà fún àwọn ọmọ tí kò tó kílò 25. Ní ọdún kan náà ni wọ́n gbé abẹ́rẹ́ artesunate, tí a fi ń gba ẹ̀mí ẹni tí ibà líle dá dùbúlẹ̀, kúrò ní mílígíráàmù 2.4 fún kílò kọ̀ọ̀kan sí 3 fún àwọn ọmọ tí kò tó kílò 20. Ẹ rò ó wò: àwọn tí ibà ń pa jùlọ gan-an ni a ti ń fún ní oògùn tí kò tó, nítorí pé a kò tíì ṣírò tiwọn lọ́tọ̀.

Ohun tí a jogún náà ní ipa tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn alájọṣe wọn ní Liverpool, wádìí efavirenz, oògùn éèdì tí a lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, lára àwọn obìnrin Nàìjíríà. Àbọ̀ wọn ní 2015 fi hàn pé oyún a máa yí ìrìn oògùn náà padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bákan náà fún gbogbo wọn. Àbùdá tí olúkúlùkù jogún ni ó ń pinnu rẹ̀. Bí àwa kò bá ṣírò fún ara wa, ta ni yóò bá wa ṣe é?

Àwọn kan yóò wí pé ọjọ́ orí tí a kọ sí ara páálí oògùn ti tó. A gbà pé ó sàn ju ojú lásán lọ, nítorí ibi tí òṣùwọ̀n kò sí ni a ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 3 tí kò rí oúnjẹ jẹ kánú lè wọ̀n kílò 10, kí ojúgbà rẹ̀ sì wọ̀n 15. Ọjọ́ orí wọn dọ́gba, oògùn wọn kò dọ́gba. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé ará oko kò lè ṣe é. Ní Ọ̀nà-Àrà yìí kan náà, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn kọ́ àwọn ará abúlé láti ṣe àyẹ̀wò ibà àti láti fún àwọn ọmọ ní oògùn alápapọ̀. Àbọ̀ iṣẹ́ náà, tí ó jáde ní 2016, fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè fún òṣùwọ̀n kí ẹ tó gba oògùn. Ẹ fún ọmọ ní oúnjẹ tí ó ní epo tàbí ọ̀rá pẹ̀lú artemether-lumefantrine, ìbáà ṣe àkàrà tàbí wàrà, nítorí pé láìsí ọ̀rá, kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Kí ẹ má sì ṣe dá a dúró nítorí pé ọmọ ti ń ṣeré ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìṣirò yìí kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, kí wọ́n lè mú un délé fún àwọn ìyá wọn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò bá gbé ìrẹsì àti aṣọ dé Mọ́níyà tàbí Àkànràn, ẹ bi wọ́n léèrè iye ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀bù oògùn ní wọ́ọ̀dù yín tí ó ní òṣùwọ̀n tí ó pé. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó yẹ kí ó pèsè rẹ̀, kí ìjọba ìpínlẹ̀ sì fi owó ti àwọn onímọ̀ wa lẹ́yìn, kí ara ọmọ oko lè wà nínú ìṣirò.

Bí kòkó bá dín ní kílò kan, owó ni a pàdánù, ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn sì ń bọ̀. Bí oògùn ọmọ bá dín ńkọ́?