Ògiri Tí Ó Yọ Ikùn Nínú Fọ́tò

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó, kì í sì í ṣe ti òkú àgbà; fọ́tò tí ènìyàn fi ń jẹ́rìí ni.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà Àtijọ́ ní alẹ́ ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 2024. Ohun abúgbàmù bú gbàù, Ìbàdàn mì, ẹ̀mí ṣòfò, ilé wó. Gómìnà Ṣèyí Mákíndé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ìjọba ni ó kó ohun abúgbàmù pamọ́ sí ilé kan níbẹ̀. Lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, ilé tí ó wó kò fa àríyànjiyàn. Èyí tí ó ṣì dúró ni wàhálà ń bá dé: onílé lè ní ògiri òun ti yọ ikùn, kí ẹni tí yóò san owó àtúnṣe ní kámẹ́rà ni ó yọ ikùn fún un. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Irú lẹ́ǹsì kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní ojú ẹja. Òkè, ilẹ̀, ọ̀tún àti òsì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń kó wọn. Robert Wood, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1906, nígbà tí ó fi omi kún kámẹ́rà kan kí ó lè mọ bí ayé ṣe ń rí lójú ẹja tí ó wà lábẹ́ omi. Ní 1924, Robin Hill, ará Ìlú Ọba, gbé tirẹ̀ jáde láti máa fi ya gbogbo ojú ọ̀run pẹ̀lú ìkúukùu rẹ̀ sínú fọ́tò kan. Ihò kékeré ara ìlẹ̀kùn tí a fi ń yọjú wo àlejò, ọmọ ìyá rẹ̀ ni: ẹ rí i bí imú àlejò ṣe ń tóbi, tí òpó géètì sì ń tẹ̀ bí ọrun.

Kí ni ó ń tẹ̀ ẹ́? Ẹ bó ọsàn kan kí èèpo rẹ̀ má já, kí ẹ gbìyànjú láti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tábìlì. Yóò ya níbìkan, tàbí kí ó ká sókè. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní máàpù ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: lórí máàpù kan tí ó gbajúmọ̀, Greenland tóbi bí Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tó ìlọ́po 14 rẹ̀.

Nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà lè mú ohun tí ó tẹ̀ tọ́. Àwọn fóònù mìíràn tilẹ̀ ń ṣe é kí ẹni tí ó ya fọ́tò tó rí i. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń sọ pé gbogbo fọ́tò ojú ẹja ni kí a máa mú tọ́, nítorí pé òtítọ́ ni ohun tí ó tọ́. N kò gbà. Bí ẹ bá mú ìlà ògiri tọ́, ohun tí ó wà létí fọ́tò yóò fẹ̀, yóò sì gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Bí lẹ́ǹsì náà bá sì rí ọ̀tún àti òsì délẹ̀délẹ̀, kò sí bí ẹ ó ti mú un tọ́ tí ẹ kò ní gé etí rẹ̀ sọnù.

Ẹ wo oníṣọ́ọ̀bù tí ó gbé kámẹ́rà ojú ẹja kọ́ sí àjà. Kọ̀rọ̀ ni olè máa ń dúró sí. Bí ó bá ní kí wọ́n mú fọ́tò náà tọ́ kí ó lè dára lójú, kọ̀rọ̀ gan-an ni wọn yóò gé. Kí ó fi í sílẹ̀ ní títẹ̀ rẹ̀. Bákan náà ni fọ́tò kíláàsì: bí a bá mú un tọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ tí ó wà ní ìparí ìlà yóò fẹ̀ bí ẹni tí ó há ẹ̀kọ sẹ́nu, ìyá wọn yóò sì béèrè ohun tí ó ṣe wọ́n. Kí ayàwòrán fà sẹ́yìn, kí ó lo lẹ́ǹsì tí kò fẹjú, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ti yàrá tí wọ́n ń fi fọ́tò polówó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbowó yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, lẹ́ǹsì tí ó fẹjú ń sọ yàrá di pálọ̀, mímú tọ́ kò sì wo àrùn yẹn. Ògiri yóò tọ́, ṣùgbọ́n yàrá kò ní padà kéré. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi lọ wò ó kí ẹ tó sanwó.

Ó ku ògiri wa ti Bódìjà. Ilé ni, nítorí náà ó yẹ kí a mú fọ́tò rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n kí a tọ́jú èyí tí a kò fọwọ́ kàn pẹ̀lú, nítorí pé fọ́tò tí a ti tún ṣe kò ní ṣàì mú ìfura wá. Ọ̀nà kan sì wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Lẹ́ǹsì kì í tẹ ìlà tí ó bá gba àárín gbùngbùn fọ́tò kọjá. Ẹ yí kámẹ́rà títí etí ògiri náà yóò fi bọ́ sí àárín, kí ẹ yà á. Bí ó bá tọ́ níbẹ̀, lẹ́ǹsì ni ó jẹ̀bi. Bí ó bá ṣì yọ ikùn, ògiri ni.

Ti pé ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ọ̀nà yìí kò lè fi hàn, nítorí pé bí ẹ bá gbé kámẹ́rà sókè díẹ̀, ilé tí ó dúró ṣánṣán yóò dà bí ẹni tí ó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Fún ìyẹn, ẹ so òkúta mọ́ okùn bí àwọn bíríkìlà ti ń ṣe, kí ẹ fi kọ́ láti òkè ògiri wá sílẹ̀, kí ẹ sì ya okùn àti ògiri pọ̀.