Ẹni Tí Ó Borí Lẹ́ẹ̀mejì



Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1922, èrò tí ó lé ní 40,000 péjọ sí pápá ìṣeré Buffalo ní Montrouge, lẹ́bàá Paris, láti wo ìjà ẹ̀ṣẹ́. Georges Carpentier, ààyò àwọn Faransé, ni ó di àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé mú nínú ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní mi-lourd. Battling Siki, ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl, tí ó ti jagun fún ilẹ̀ Faransé nínú ogun 1914, ni ó wá dojú kọ ọ́.

Carpentier ni ó kọ́kọ́ gbé Siki ṣánlẹ̀. Siki dìde, ó sì ń rọ̀jò ẹ̀ṣẹ́ títí di abala kẹfà, nígbà tí Carpentier na gbalaja sílẹ̀ tí kò lè dìde mọ́. Gbogbo ojú ni ó rí i. Ṣùgbọ́n adarí ìjà kéde pé Siki ni ó pàdánù, pé ó fi ẹsẹ̀ kọ́ Carpentier.

Èrò fárígá. Carpentier ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tìtorí rẹ̀ wá, síbẹ̀ wọ́n pariwo, wọ́n kọ̀ láti lọ, títí àwọn adájọ́ fi yí ìdájọ́ náà padà tí wọ́n sì fún Siki ní ohun tí í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, Siki wí pé wọ́n ti kọ́kọ́ bá òun ṣe àdéhùn láti ṣubú. Blaise Diagne, aṣojú Sẹ̀nẹ̀gàl, gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Àwa olùkọ́ náà, adarí ìjà ni wá. Ní ọdún kan, a fi ẹ̀sùn kan akẹ́kọ̀ọ́ wa kan pé ó jíwèé wò. A fún un ní òdo. Ó ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ òótọ́, wọ́n dákẹ́. Ọdún ti parí kí ọ̀kan nínú wọn tó wá sọ fún wa pé ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń wo tirẹ̀. A bẹ ọmọ náà, ṣùgbọ́n òdo náà ti mú un tún kíláàsì kà.

Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni ni a fi í kọ mé jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu Siki nìkan kì bá tó. Ẹnu àwọn tí ó wò ó ni ó gbà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá rí òtítọ́ lójú agbo, ẹ sọ ọ́ kí agbo tó tú.