Bátìrì Tí Ó Sùn Kì í Ṣe Bátìrì Tí Ó Kú

 

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ bátìrì ni a fẹ́ bá ara wa sọ. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni èyí. Ta ni ń wá tọ́ọ̀ṣì nígbà tí iná bá lọ tí ọmọ sì ń ké? Ta ni ń rántí pé fóònù kò tíì gba iná? Ìyàwó ilé ni. Iyàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí ni a sì sábà máa ń kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi wọkí-tọ́kì ṣe àpẹẹrẹ. Rédíò tí a mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Ṣùgbọ́n èyí ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gba èsì. Òun ni ọkọ tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àdúgbò ní òru fi ń ké sí ẹnìkejì rẹ̀. Òun náà ni àwọn obìnrin tí ń bá ènìyàn bójú tó ìnáwó fi ń pe ara wọn láti ìdí oúnjẹ dé inú gbọ̀ngán. Bí ìgbéyàwó oṣù Kejìlá bá ti parí, wọn a kó o sínú àpò, ó di ọdún Àjíǹde. Nígbà tí wọ́n bá tún yọ ọ́ jáde, a dákẹ́ rọ́rọ́; wọn a fi í sí ṣájà, kò ní fi àmì kankan hàn. Wọn a ní bátìrì ti kú. Ó lè kú lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé oorun ni ó ń sùn. Ó yẹ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì, nítorí owó wà níbẹ̀, ẹ̀mí sì wà níbẹ̀.

Bátìrì lítíọ́mù ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé wá sí ọjà ní ọdún 1991. Inú rẹ̀ ni yàrá tí agbára iná ń gbé wà. Bí yàrá kan bá kún, agbára rẹ̀ a máa jẹ́ fólìtì 4.2, bí ó bá ń tán lọ, a wálẹ̀ sí nǹkan bíi 3. Wọkí-tọ́kì mìíràn ní yàrá kan. Òmíràn ní méjì tí a so pọ̀, a ó sì rí 7.4 tí wọ́n kọ sí i lára. Olùṣọ́ kékeré kan tún wà nínú bátìrì náà. Bí agbára yàrá kan bá wálẹ̀ sí nǹkan bíi fólìtì 2.5, olùṣọ́ yìí a ti ilẹ̀kùn pa kí bátìrì má baà bàjẹ́. Nígbà náà ni ṣájà yóò ṣe bí ẹni pé kò sí bátìrì níwájú rẹ̀. Èyí ni bátìrì tí ó sùn.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, agbára tí ó kù a tún máa jò díẹ̀díẹ̀. Bí ti yàrá kan bá lọ sílẹ̀ ju 1.5 lọ, tí ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, bàbà inú rẹ̀ lè ti yọ́ sínú omi oògùn rẹ̀. Bí a bá wá fi iná sí i, bàbà yìí lè tẹ́ afárá síbi tí kò yẹ, kí bátìrì gbóná, kí ó sì gbiná. Èyí ni bátìrì tí ó kú. Kì í ṣe ohun tí à ń jí.

Kí ni ẹ ó ṣe? Èkínní, ẹ wò ó dáadáa. Bí ikùn rẹ̀ bá wú, bí ó bá ń jò, tàbí bí ó bá ń rùn, ẹ má ṣe fún un ní iná rárá.

Èkejì, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu irin ẹnu rẹ̀ àti ti ṣájà. Ẹ fi bátìrì mìíràn dán ṣájà náà wò. Ó lè jẹ́ òun ni ó ní àrùn.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi bátìrì sí ṣájà tirẹ̀ gan-an, lórí ilẹ̀ símẹ́ńtì, jìnnà sí kọ́tìnì àti ibùsùn, ní ọ̀sán tí ojú yín wà lára rẹ̀. Ṣájà tí ó dára a máa fi iná tí kò tó nǹkan jí i títí agbára yàrá rẹ̀ yóò fi dé nǹkan bíi fólìtì 3, kí ó tó fún un ní oúnjẹ kíkún. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ìdajì wákàtí bá kọjá tí kò sí àmì kankan, tàbí bí ó bá gbóná, ẹ pa iná, kí ẹ pa á tì. Bí ó bá jí, ẹ kọ́kọ́ lò ó nílé fún ọjọ́ mélòó kan. Bí kì í bá pẹ́ tán, kò yẹ kí baálé gbé e lọ síbi ìṣọ́ òru.

Àwọn bàbá wa a máa sá bátìrì rédíò sí oòrùn kí ó lè tún sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bátìrì lítíọ́mù kò gba bẹ́ẹ̀. Ooru ń bà á jẹ́ ni. Ẹ má sì ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi wáyà so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ nínú ilé yín, nítorí kò sí ohun tí ń wọn iná tí ń wọlé. Oníṣẹ́ tí ó ní mítà lè yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ bi í léèrè iye fólìtì tí ó bá níbẹ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun.

Èyí tí ó bá kú, ẹ fi téèpù bo irin ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, títí ẹ ó fi fún àwọn tí ń kó àlòkù ẹ̀rọ iná jọ fún àtúnlò. Ẹ má ṣe jù ú sórí ààtàn tí a ń finá sun. Bí ó bá sì ń rú èéfín, ẹ kó àwọn ọmọ jáde ná, nítorí májèlé ni èéfín náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ pe 112.

Ṣùgbọ́n ó sàn kí á má jẹ́ kí ó sùn rárá. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún dé ìdajì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára wọkí-tọ́kì, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ó tutù tí ó sì gbẹ, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù méjì méjì. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ilé yín kò ní jó o.