Ẹ Má Fi Sípíkà Ba Orúkọ Ọlọ́run Jẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Kristi, àwọn àgbà máa ń sọ fún ọmọ tó bá fẹ́ jáde nílé pé, "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe." Ará ìta lè má mọ bàbá ọmọ náà, ṣùgbọ́n ìwà ọmọ ni yóò fi mọ irú ilé tó ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwa onígbàgbọ́ rí. Aládùúgbò tí kò ṣí Bíbélì rí, àwa ló ń kà.

Ní ọdún 2016, LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti àwọn ibì kan pa nítorí ariwo: ṣọ́ọ̀ṣì 70, mọ́sálásí 20, àti nǹkan bí 10 hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ọtí àti ilé ijó. Àwọn kan nínú wa máa ń pe irú èyí ní inúnibíni. Bó bá jẹ́ inúnibíni sí Kristẹni ni, kí ni mọ́sálásí àti ilé ọtí ń wá níbẹ̀? Ohun tó yẹ kó dùn wá ni pé ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n ká mọ́ àwa àti ilé ọtí lọ́wọ́, àwa la sì pọ̀ jù nínú ìwé.

Ìwọ̀n ariwo tí òfin fàyè gbà níbi tí ènìyàn ń gbé ni 55 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án, 45 lóru. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń bára wọn sọ láìpariwo pàápàá tó nǹkan bí 60. Ẹ wá ro ti sípíkà tí a gbé sórí òrùlé, tí a kọjú rẹ̀ sí títì, ní aago méjì òru.

Ta ló ń gbọ́ ọ? Ní Kòsọ̀fẹ́ wa yìí, ní Kétu, Alápẹ̀rẹ̀ àti Ìkòsì, ilé fara kan ilé. Ìyá tó ń ta tòmátò gbọ́dọ̀ dé Mile 12 kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí wọ́n ń já ẹrù Òkè Ọya. Awakọ̀ dánfó ń bọ̀ wá gbé ọmọ wa lówùúrọ̀. Bàbá àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé ariwo òru lè dá kún un. Bí wọn kò bá rí oorun sùn, wọn kò ní bú pásítọ̀ nìkan. Wọn yóò ní, "Irú Ọlọ́run wo ni àwọn wọ̀nyí ń sìn?"

Ọ̀pọ̀ wọn kì í lè sọ ọ́ jáde, kí a má baà pè wọ́n ní ọ̀tá ìhìnrere. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo sì mọ̀ pé ìwé ẹ̀sùn kì í dédé wá. Ẹni tó kọ ọ́ ti fara dà á pẹ́. Àwa tí à ń jà fún ẹni tí a ń rẹ́ jẹ, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé gbígba oorun lọ́wọ́ tálákà, ìrẹ́jẹ ni. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ nínú Róòmù orí kejì fún àwọn tó ń fi òfin yangàn pé àwọn gan-an ló fà á tí àwọn ará ìta fi ń bú Ọlọ́run.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣebí Sáàmù ní ká hó ìhó ayọ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìhó ayọ̀ ń dé ọ̀run láìsí iná mànàmáná. Lórí òkè Kámẹ́lì, àwọn wòlíì Báálì ló pariwo láti òwúrọ̀. Àdúrà Èlíjà kúrú, iná sì bọ́.

Nítorí náà, kí ìṣọ́ òru tó ń bọ̀ tó dé, ẹ sọ sípíkà òde kalẹ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ jẹ́ ká fi ohùn ẹnu wa gbàdúrà. Kí díákónì méjì lọ bá àwọn aládùúgbò, Mùsùlùmí àti Kristẹni, kí wọ́n béèrè pé, "Ṣé à ń dí yín lọ́wọ́?" Kí wọ́n sì gbọ́ èsì láìjiyàn.

Bí aládùúgbò bá sùn fọnfọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó jí, tó sì kí wa tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ti gbọ́ ìwàásù kìn-ín-ní. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.