Ife tí kì í làágùn: Ọwọ́ ò ní í mọ̀ pé ó gbóná, ẹnu ló máa mọ̀ ọ́n!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kabba, Ìyàrà, Mopa, Ìsánlú àti gbogbo ilẹ̀ yẹn pátá, a kí yín bẹ́ ẹ ṣe ń kí ara yín: òkun o! Ọ̀rọ̀ ife la gbé dé lọ́sẹ̀ yìí. Ife onígíláàsì yẹn ni, èyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá bu tíì sínú ẹ̀, ńṣe ni tíì náà máa dà bí ẹni tó ń léfòó nínú afẹ́fẹ́. Àwọn kan ń fi ta tọkọtaya lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn mí-ìn á rà á l'Ábújá gbé wálé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù páálọ̀ fún oṣù mẹ́fà, ọjọ́ tí àlejò pàtàkì bá dé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, pá ló máa dún. Wọ́n á ní ayédèrú Ṣáínà ni. Ẹ má tíì dá Ṣáínà lẹ́jọ́ o.

Gíláàsì méjì ni ife yìí, ọ̀kan wà nínú èkejì, wọ́n wá lẹ ẹnu méjèèjì pọ̀. Afẹ́fẹ́ ló há sí àárín wọn, afẹ́fẹ́ tó bá sì há síbì kan kì í tètè gbé ooru kọjá. Ìbátan fúláàsì omi gbígbóná ni. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, James Dewar, ló ṣe irú fúláàsì bẹ́ẹ̀ ní 1892, àwọn ará Jámánì ló wá sọ ọ́ di ọjà lọ́dún 1904 tí wọ́n pè é ní Thermos. Ṣùgbọ́n Dewar fa afẹ́fẹ́ àárín yẹn jáde pátápátá ni, wọn kì í sì í fà á jáde nínú ọ̀pọ̀ ife tí à ń wí yìí. Ẹnu ife náà tún ṣí sílẹ̀ gbayawu, ibẹ̀ sì ni ooru ń gbà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí tíì rẹ̀ pẹ́ kó tó tutù, kó wá nǹkan dé e lórí.

Ibi tí ife yìí ti dára jù lójú tèmi ni ti omi tútù. Ẹ mọ bí ife lásán ṣe máa ń làágùn tó bá ti inú fíríìjì dé, tí yóò sọ orí tábìlì di odò. Àwọn kan rò pé omi inú ife ló ń jò. Irọ́ ni. Inú afẹ́fẹ́ ilé ni omi yẹn ti wá. Tó bá ti kan ara ife tó tutù, kíá ló máa di omi, bó sì ti ń dì síbẹ̀ ló ń fi ooru kún ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mu. Òdìkejì àmù ìyá wa àgbà ni. Omi máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti ń gbé e lọ ló ń gbé ooru lọ pẹ̀lú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi àmù fi ń dùn mu tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ife alára méjì kì í làágùn, yìnyín inú ẹ̀ sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ́. Ẹ̀yin tí NEPA ti mú iná lọ lọ́wọ́ yín (wọ́n ti pín NEPA tipẹ́, orúkọ ẹ̀ ò kúrò lẹ́nu wa), ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ibi tí ewu wà rèé. Ara ìta ife yìí kì í gbóná. Ká ní ìyá ọkọ ti Ìyàmọ̀yẹ̀ dé, ìyàwó po tíì fún wọn, màmá wá fọwọ́ kan ife.

"Ìyàwó mi, tíì yìí mà ti tutù."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì fi kan ẹnu o, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ni mà!"

Bí ìyàwó ò bá sí nítòsí ńkọ́? Màmá á gbé e mì. Ti ọmọdé ló burú jù, nítorí gíláàsì gbígbóná tẹ́lẹ̀ máa ń lé ọwọ́ ọmọ sẹ́yìn, èyí ò ní í lé e. Omi tó gbóná dé 60 Celsius lè bó awọ àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, tíì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bó bá dà sí ọmọ lára, omi tútù tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi ara ọmọ sí fún 20 ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fi epo pupa kàn án, ẹ má fi ẹyin, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín.

Ojúlówó ife yìí, gíláàsì tí wọ́n fi bórọ́nì sí ni, irú èyí tí Otto Schott bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì kí 1900 tó dé, tí Pyrex fi wọ ilé ìdáná lọ́dún 1915. Tí ooru bá dé, wíwú rẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wíwú gíláàsì lásán. Ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín. Láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan án kẹ́ ẹ tó da omi híhó sí i. Ẹ má ju yìnyín lù ú, ẹ rọra gbé e sí i. Ẹ má fi ṣíbí irin ro ó kíkankíkan. Ibi tó bá ha nínú ló máa ti sán lọ́jọ́ kan. Ẹ má gbé e sínú fírísà rárá. Kànrìnkàn tó rọ̀ àti ọṣẹ ti tó, sáńńdì àti sípọ́ńjì irin ò yẹ ẹ́.

Àwọn kan ní ihò kékeré nísàlẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà dí. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú u wò, afẹ́fẹ́ tó gbóná ló ń gba ibẹ̀ mí. Bẹ́ ẹ bá rí omi láàárín gíláàsì méjèèjì tẹ́ ẹ sì rí i pé ó ti sán, ẹ má bu nǹkan gbígbóná sí i mọ́. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé e kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ sí ààtàn, àwọn ọmọ tó ń ṣa páànù níbẹ̀ ò wọ bàtà.