Ìtẹ́nú Bàtà: Èyí Tó Rọ̀ Kọ́ Ló Ń Di Ẹsẹ̀ Mú

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹjọ́ gìgísẹ̀ tó ń dunni la sábà máa ń gbọ́. Kò yà wá lẹ́nu. Ní Abẹ́òkúta, òkè là ń gùn, òkè là ń sọ̀. Fóòmù rírọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń rà sínú bàtà, torí ó tù wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìka ọwọ́ kọ́ ló máa rìn lórí rẹ̀! Fóòmù kì í pẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ tó ń yẹ̀ á sì máa yẹ̀ lọ. Lójú tiwa, èyí tó le, tó ga díẹ̀ lábẹ́ kòtò àtẹ́lẹsẹ̀, tó sì gba gìgísẹ̀ bí abọ́, ni ká rà. Ẹ gbá a mú, kí ẹ lọ́ ọ bí aṣọ tí à ń fún. Bó bá lọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ẹ yọ ti inú bàtà tẹ́lẹ̀ kúrò kí ẹ tó fi í sí i. Wákàtí kan tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n kí alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ìrora mọ́ má dán an wò fúnra rẹ̀: ó lè dá egbò sí i lẹ́sẹ̀ láìmọ̀. Kó kọ́kọ́ rí dókítà ní FMC Ìdí-Abà. Nígbà àlùwàlá, kó yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ wò dáadáa, kó sì nù wọ́n gbẹ kó tó wọ bàtà.